Òdo Tí Mo Fún Ṣìdí, àti Ẹja Tó Gbé Mi Dé Abidjan

Ẹ̀yin ará ilé, pàápàá jù lọ ẹ̀yin tíṣà àgbà tí ẹ ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò níwájú ilé mi, mo ti dé. Ẹ ní kí n wá sọ bí Abidjan ti rí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe Abidjan gan-an lẹ fẹ́ gbọ́, ọ̀rọ̀ ẹja ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó rin ọ̀nà jíjìn ní ẹ̀tọ́ láti ròyìn rẹ̀ bó ti wù ú, èmi yóò sì bẹ̀rẹ̀ níbi tó yẹ kí àgbàlagbà ti bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni ìdí ọ̀rọ̀.

Ìdí tí mo fi lọ

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Ṣakí ní ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí. Lọ́dọọdún ni mo máa ń kó kíláàsì mi lọ sí etí odò, tí n óò sì na ọwọ́ sí àwọn ẹja kéékèèké tí kò ju ìka ọmọńdinrín lọ, tí wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn nínú omi bí ọmọ iléèwé tó ń lọ sí pápá. N óò ní, "Kí ni ìwọ̀nyí?" Àwọn ọmọ yóò ní, "Ọmọ ẹja ni, sà!" N óò ní, "Kí ni wọn yóò dà tí wọ́n bá dàgbà?" Wọn yóò ní, "Ẹja ńlá, sà!" Inú mi yóò dùn, a óò sì padà sí kíláàsì.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló ta kò mí. Ṣìdíkátù ni orúkọ rẹ̀, Ṣìdí la ń pè é, ilé ìyá rẹ̀ kò sì jìnnà sí odò náà. Nínú ìdánwò, mo béèrè ohun tí ẹja yìí yóò dà nígbà tó bá dàgbà. Ó kọ ọ́ pé: "Ó ti dàgbà. Bó ṣe mọ nìyẹn." Mo pè é, mo bi í pé ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní òun ti sìn ín nínú ìkòkò omi ìyá òun láti ọdún kan sí èkejì, kò sì fi ohunkóhun kún bó ti wà. Mo sọ fún un pé ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ kì í ti inú ìkòkò jáde. Ọ̀rọ̀ odò ni ìbéèrè náà, òdo ni mo fún un.

Ọ̀nà Ọlọ́run kò ṣeé tọ́. Nígbà tó yá, àbúrò mi Ràímì lọ fẹ́ Ṣìdí yìí kan náà, ó sì mú un lọ sí Abidjan níbi tó ti ń ta aṣọ. Láti ọjọ́ náà, a kì í sọ̀rọ̀ lórí fóònù kí ìyàwó má kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kó béèrè àlàáfíà ara mi, kó béèrè ti àwọn ọmọ, kó sì parí rẹ̀ báyìí: "Bàbá, òdo mi ńkọ́?" Lọ́dún yìí ló wá ránṣẹ́ pé òun rí irú ẹja náà gan-an nínú odò kan níbẹ̀, kí n máa bọ̀ wá wò ó. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹja ni, òun yóò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi níwájú gbogbo ẹbí. Bó bá jẹ́ àgbà ẹja ni, kí n fún òun ní máàkì òun. Ìgbéraga ló jẹ́ kí n ṣí fóònù náà sílẹ̀ kí gbogbo yín gbọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ sì sọ pé bí n kò bá lọ, á jẹ́ pé ẹ̀rù ìyàwó àbúrò mi ń bà mí. Mo lọ.

Dídé

Ọ̀nà jìn. Àwọn aṣọ́bodè pọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Koumassi Remblais ni orúkọ àdúgbò tí Ràímì ń gbé. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni ilẹ̀ tí wọ́n da yẹ̀pẹ̀ kún kí ilé tó lè dúró níbi tí omi wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó wá wo ẹja, kó sùn síbi tí ẹja ti kọ́kọ́ sùn, ó bójú mu.

Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí gba àpò lọ́wọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Le vieux, bonne arrivée!" Mo bi Ràímì léèrè ohun tó wí.

"Ó ní ẹ kú àbọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Èyí tó kọ́kọ́ sọ ńkọ́? Lẹ fiẹ́ yẹn?"

Ràímì wo ilẹ̀. "Arúgbó ni."

Mo dúró. "Ràímì, ṣé gbangba títì ni ọmọkùnrin yìí ti pè mí ní arúgbó, tó tún gbé àpò mi dání?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀wọ̀ ni níbí o! Ẹni tí wọn ò bá kà sí ni wọn kì í pè bẹ́ẹ̀."

N kò gbà á gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n n kò ní parọ́ fún yín: nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, obìnrin kan pè mí ní "tonton" lásán, bí ẹni pe ọ́ńkù, lójú ọ̀nà mọ́sáláṣí, ó sì dùn mí pé ó dín mi kù.

Èyí tí n kò borí ni ti Anango. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ilẹ̀ wa wá, Anango ni lẹ́nu wọn. Ìyá kan ń din ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìkóríta, ó sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Mo fi ìwọ̀nba Faransé tí mo ní, àti ọwọ́ mi méjèèjì, ṣàlàyé fún un pé ọmọ Ṣakí ni mí, pé Ṣakí wà ní Òkè-Ògùn, pé ìdílé oníwèé ni ìdílé mi. Ó fi sùúrù gbọ́ mi títí dé òpin. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí ẹnìkejì rẹ̀, ó ní, "Anango ni."

Ní ti Ṣìdí, kí n sọ òtítọ́, ó gbà mí bí ọba. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó pọn omi ìwẹ̀ sílẹ̀, ó sì fún mi ní orúkọ, gẹ́gẹ́ bí obìnrin ilé ti í ṣe fún ẹbí ọkọ. Bàbá Ẹja ló sọ mí. Kò tíì pé wákàtí kan tí gbogbo ojúlé náà ti gbà á kọrin.

Ó gbé oúnjẹ wá. Mo ṣí i, mo rí ohun funfun kan tó rí wóró-wóró, tí ooru ń rú lórí rẹ̀, ẹja díndín sì sùn tì í. Mo bu díẹ̀, mo tọ́ ọ wò.

"Ìyàwó, gàrí yìí kò tíì gbẹ."

"Kì í ṣe gàrí, Bàbá. Atiéké ni. Gbágùúdá náà ni, ṣùgbọ́n ooru omi ni wọ́n fi sè é, wọn kì í yan án."

"Mo ti gbọ́. Gàrí tí kò tíì dàgbà ni."

Ṣìdí tún kúnlẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ó ti dàgbà, Bàbá. Bó ṣe mọ nìyẹn."

Ata há Ràímì lọ́fun, ó sì sáré jáde lọ wúkọ́ níta. Mo jẹ atiéké náà tán. Ó dùn. N kò sọ fún un.

Faransé mi

Màríámù, ọmọ wọn àgbà, ń lọ sí yunifásítì ní Cocody. Ó ń gbọ́ Yorùbá wa dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ sọ ọ́, ìdajì rẹ̀ ni yóò yí padà di Faransé kó tó kúrò lẹ́nu. Òun ni mo ní kó kọ́ mi ní ohun tí n óò sọ níwájú àwọn tó ń ṣọ́ odò náà, nítorí kò yẹ kí irú mi máa fi ìka júwe bí odi.

Ẹ rántí ogun tí mo jà ní Ṣakí. Èdè wa kò ní ìró z, ìró tó ń dún bí oyin nínú ike. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn wa fi ń pe zoo ní súù, tí wọ́n ń pe zebra ní síbírà. Ní kíláàsì mi, ẹni tó bá pe súù, yóò dìde dúró ni, yóò sì máa kùn bí oyin títí ahọ́n rẹ̀ yóò fi là. Ọ̀pọ̀ ènìyàn pàtàkì lónìí ni mo mú kùn.

Màríámù ní, "Tonton, ẹja, c'est poisson. Ẹ sọ ọ́: pwasọn."

Mo mi orí. Áà, àìsàn ahọ́n wa ti tẹ̀ lé ọmọ yìí dé Abidjan! Mo ní, "Ọmọ mi, pwazọn."

"Non, non, Tonton! S méjì ló ní."

"Nígbà tí wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ṣé kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ kó dún gan-an ni? Pwa-zọn."

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Tonton, problème máa wà o." Ó gbé àpò rẹ̀, ó bá ti iléèwé rẹ̀ lọ. Mo jókòó, mo kùn títí ó fi mọ́ mi lára.

Ẹnu ọ̀nà igbó

Ẹ fojú inú wo ìlú tí ilé rẹ̀ ga títí tí ọrùn ń ro ẹni tó ń wò ó, kí ẹ wá rí igbó kìjikìji tí ìjọba dá sí láàrin rẹ̀. Níbẹ̀ ni odò náà wà. Ṣìdí àti èmi ni a jọ lọ. Ràímì kò bá wa lọ. Ó ní, "Èmi ò sí nínú ẹjọ́ yín. Ìyàwó ló ń fún mi lóúnjẹ, ẹ̀gbọ́n ló tọ́ mi dàgbà. Ẹni tó bá jàre, kó wá sọ fún mi nílé."

Ṣìdí dúró ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lódìkejì títì, èmi sì ṣáájú pẹ̀lú àpò mi. Ìgò ẹlẹ́nu gbooro kan wà nínú rẹ̀ tí a ó fi wo ẹja, àti ìgò àgbo ẹ̀yìn ríro mi, ẹni tó rin irú ọ̀nà yẹn kò gbọdọ̀ fi í sílẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà síngbọnlẹ̀, ó wọ aṣọ àwọ̀ ewé, ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bonjour, le vieux." Orí mi wú. Mo fi Faransé dá a lóhùn pé nítorí pwazọn kékeré tó jẹ mọ́ omi yìí ni mo ṣe wá.

"Poison?" Ojú rẹ̀ là. "Dans l'eau?" Omi ni mo gbọ́ nínú rẹ̀.

"Wí," ni mo wí, ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni. "Pẹtí pwazọn." Mo na ìka ọmọńdinrín mi sí i kó lè mọ bó ti kéré tó.

Ó na ọwọ́ sí àpò mi. Mo ṣí i fún un. Ó yọ ìgò àgbo jáde, omi dúdú kirimu, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀. "C'est ça?" Mo rò pé ó ń béèrè bóyá inú ìgò ni n óò fi ẹja náà sí. Mo ní, "Wí!" tìdùnnú-tìdùnnú.

Ó rọra gbé ìgò náà sílẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tuntun sùn, ó fi ẹ̀yìn rìn ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó sì ké sí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ṣìdí sáré dé pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Òun àti ẹ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀ kíákíá. Ó yíjú sí mi.

"Bàbá, kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní ẹja ni mo wá wò."

"Ẹ pè é bí ẹ ṣe pè é."

"Pwazọn."

Ṣìdí gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó tì í lórí iyanrìn, ó sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Bàbá! Májèlé lẹ pè! Ẹ ní májèlé kékeré kan lẹ mú wá fún omi ìjọba, ẹ tún fi í hàn wọ́n!"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé s ni ti ẹja, z ni ti májèlé. Ẹ bá mi rò ó. Nínú gbogbo Ṣakí, ẹni tí kò lè pe z kò lè bọ́ sínú kòtò yìí láéláé. Bó bá tilẹ̀ fẹ́ pe májèlé, ẹja ni yóò pè. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n pè ni mo bọ́ sí i.

Ẹ̀ṣọ́ ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí n mu nínú ohun tó wà nínú ìgò náà. Mo mu ún. Ẹ mọ bí àgbo yẹn ti korò tó. Ojú mi rún, ẹ̀ṣọ́ sì tún fi ẹ̀yìn rìn. Nígbà tó rí i pé n kò kú, ó bi Ṣìdí léèrè ohun tó ń wò. Ẹ̀yìn ríro, ni Ṣìdí wí. Ẹ̀ṣọ́ fọwọ́ ra ìbàdí. Ó ní ẹ̀yìn ń ro òun náà, nítorí ìdúró. Mo bu ìdérí kan fún un. Ó gbé e mì, ó di ògiri mú, ó sọ̀rọ̀ kan.

"Ó ní bí kì í bá ṣe májèlé," Ṣìdí túmọ̀ rẹ̀, "àbúrò májèlé ni."

Lẹ́yìn èyí a di ọ̀rẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ló mú wa lọ. Ó ní a lè wo ẹja, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ti inú omi jáde gbọ́dọ̀ padà sínú omi.

Nínú omi

Odò náà kò jìn ju orúnkún lọ. Ó mọ́ gaara, ewé tó ti rẹ sínú rẹ̀ sì jẹ́ kó pọ́n díẹ̀ bí tíì tí wọn kò fi mílíìkì sí. Igi bò ó lórí, bẹ́ẹ̀ ni òtútù pẹ̀lẹ́ wà níbẹ̀. Àwọn ẹja wa sì nìyẹn, àràádọ́ta nínú òjìji gbòǹgbò kan, gbogbo wọn kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́ kíkankíkan láìlọ síbì kan. Oúnjẹ ni wọ́n ń dúró dè. Èèrà tó bá ṣìṣe já bọ́ láti orí igi, omi ni yóò gbé e wá bá wọn.

Ẹnu mi kò lè dákẹ́. Mo fi àmì dúdú mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn han Ṣìdí, bí ẹni fi pẹ́ẹ̀nì tò wọ́n, àti irùngbọ̀n tín-ín-rín tí wọ́n fi ń tọ́ ilẹ̀ wò. Mo sọ fún un pé ẹja yìí kò ní eyín lẹ́nu rárá, ọ̀fun ni eyín rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló ti ń rún oúnjẹ. Mo ní àpò afẹ́fẹ́ tó wà nínú ikùn rẹ̀ ló ń gba ìró, tí eegun wẹ́wẹ́ sì ń gbé e lọ sí etí, ìyẹn ni pé ikùn ló fi ń gbọ́ràn. Mo ní bí nǹkan bá bu ọ̀kan jẹ, òórùn kan yóò ti ara rẹ̀ jáde, gbogbo ẹgbẹ́ yóò sì sá. Ṣìdí ń túmọ̀ rẹ̀ fún ẹ̀ṣọ́, ẹ̀ṣọ́ sì ń ya ẹnu.

"Bàbá," ni Ṣìdí wí níkẹyìn, "gbogbo èyí lẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan ni ẹ ò bi í."

Mo tẹ ìgò náà sínú omi, mo fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀. Wọ́n wá. Mo sín. Wọ́n lọ. Wọ́n tún wá, òjìji mi sún, wọ́n tún lọ. Nígbà kẹta mo bẹ̀rẹ̀ jù, fìlà mi sì já bọ́ sínú odò. Ẹ̀ṣọ́ ló sáré fà á yọ, omi kún inú rẹ̀, ẹja kan sì ń yípo nínú omi náà bí ẹni tó wọ ilé tuntun. Fìlà àgbàlagbà ló mú un, mo fẹ́ kí ẹ kọ ìyẹn sílẹ̀.

A dà á sínú ìgò. Ìtànṣán oòrùn kan ṣoṣo ló ráyè wọlé láàrin ewé, mo sì gbé ìgò náà sí i. Ìmọ́lẹ̀ la ara ẹja náà kọjá. Ikùn rẹ̀ yọ síta.

"Ó yó ni," ni mo wí.

"Bàbá."

"Ẹni tó bá jẹ èèrà púpọ̀, ikùn rẹ̀ kò lè ṣàì..."

"Bàbá, ẹ fi ojú tíṣà wò ó. Ẹ má fi ojú ẹ̀gbọ́n ọkọ wò ó."

Mo fi ojú tíṣà wò ó. Wọ́n wà níbẹ̀, wóró-wóró, wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú, wọ́n fún mọ́ ara wọn bí ọkà bàbà nínú àpò. Ẹ̀ṣọ́ náà yọjú léjìká mi. Ó ní, "Le vieux, c'est des œufs, non?" Ẹyin ló pè. Ìgbà yìí nìkan ni Faransé kò ṣì mí lọ́nà.

Ọmọdé kì í lóyún. Mo dúró nínú omi yẹn, mo ń ro iye ọmọ tí mo ti kó lọ sí etí odò láàrin ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, tí mo ní kí wọ́n pe ìyá ọlọ́mọ ní ọmọ. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan ló fi ìkòkò wádìí rẹ̀ wò, òun ni mo sì fún ní òdo.

Máàkì

A dá ẹja náà padà sínú omi. Ó gba ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kò wẹ̀yìn.

Mo ní, "Ìyá Màríámù, mo gbà. Ẹja yìí ti dàgbà. Ìwọ lo jàre, láti ọjọ́ náà."

Ṣìdí kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi.

"Dìde," ni mo wí. "Ìwọ kọ́ lo jẹ̀bi."

"Mo mọ̀, Bàbá. Máàkì mi ni mo fẹ́ gbà. Ọwọ́ méjì la fi ń gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà."

Mo tún ọ̀fun mi ṣe. Kí ẹ̀ṣọ́ lè jẹ́ ẹlẹ́rìí, mo fi Faransé kéde rẹ̀ sókè: "Dix!" Mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo máàkì.

Ẹ̀ṣọ́ wo Ṣìdí tàánú-tàánú. "Dix seulement?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀ fún ire rẹ̀.

"Kí ló ń wí?"

"Bàbá, ogún ni wọ́n fi ń gba máàkì níbí. Ó ní mẹ́wàá nínú ogún, mo kàn rá pálá yege ni. Ó ní, ṣé nítorí ìyẹn ni obìnrin ṣe ń kúnlẹ̀ sínú iyanrìn?"

"Sọ fún un pé mẹ́wàá nínú mẹ́wàá ni!"

"Èmi náà ti di ará Abidjan, Bàbá. Ogún ni mo fẹ́."

Mo ṣàlàyé fún un pé n kò fún ẹnikẹ́ni ní gbogbo máàkì nínú ogún rí, pé Ọlọ́run nìkan ló pé, mọ́kàndínlógún sì ni ẹ̀bùn tó tóbi jù lọ́wọ́ mi.

"Ṣé Ọlọ́run náà jókòó ṣe ìdánwò yẹn ni, Bàbá?"

Ẹ̀ṣọ́ ti fa ewé kan ya nínú ìwé rẹ̀, ó na bírò sí mi. Mo gbé e lé ẹ̀yìn ìgò, mo kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún, Ṣìdíkátù, mo kọ ogún nínú ogún sábẹ́ rẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ká a, ó fi í sínú ìró rẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, èmi náà kò sì mọ ibi tí mo lè wò.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́ tíṣà, tíṣà náà ni. Nígbà tí a ti ṣe èyí tán, mo fún omi inú fìlà mi, mo gbé e lé orí, mo nàró. Mo ní, "Ó dáa. Ìbéèrè kejì. Nígbà tó ti dàgbà, kí ló dé tí kò fi tóbi?"

Ṣìdí ti ṣan ìgò, ó ti kó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ti kọjú sí ọ̀nà ilé.

"Bàbá," ni ó wí, "wọ́n ti lu aago."